Akin Euba ní Iwalewa-Haus (1986–1992): Bí Ìlù Dùndún Ṣe Di Ìwé ní Ìlú Bayreuth

1. Ìfáàrà

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó ti ṣe iṣẹ́ ribiribi lórí èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá, àwọn onímọ̀ gírámà, àwọn òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ àti àwọn tí ó gba ewì alohùn sílẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lẹ́nu. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó gbọ́ orúkọ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ dídá orin sílẹ̀ fún píánò àti ọ̀kẹ́sítírà. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti mọ̀. A ti pín ìmọ̀ sí yàrá-yàrá. Ohùn èdè wà ní yàrá tiwa, orin wà ní yàrá àwọn ẹlòmíràn, ìlù sì wà ní ojúde lọ́wọ́ àwọn ọmọ Àyàn. Ẹni tí ó bá ń ti yàrá kan bọ́ sí èkejì, a kì í mọ ibi tí à bá kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn iṣẹ́ Akin Euba (1935–2020), pàápàá jù lọ ọdún mẹ́fà tí ó lò ní Iwalewa-Haus, ní ìlú Bayreuth, ilẹ̀ Jámánì, láti 1986 sí 1992. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àkókò yìí kì í ṣe àkókò ìsáǹsá, àkókò ìkórè ni. Ohun tí ó ti gbìn ní Èkó, ní Ifẹ̀ àti ní Legon ni ó kó jọ síbẹ̀, olùkọ́ Yorùbá sì wà lára àwọn tí ìkórè náà tọ́ sí.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé nǹkan méjì kí a tó tẹ̀ síwájú. Èkíní, bí a bá sọ pé ẹnì kan jẹ́ aṣẹ̀dá orin nínú àpilẹ̀kọ yìí, ẹni tí ó ń ronú orin, tí ó sì ń fi àmì orin kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè rí i kọ tàbí kí ó rí i lù, ni a ní lọ́kàn. Èkejì ni àṣà gbígba oníṣẹ́ ọnà sí ilé. Ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àjọ kan yóò fún oníṣẹ́ ọnà ní ibùgbé, ibi iṣẹ́ àti ohun tí yóò máa jẹ fún ìgbà kan, kí ó lè gbájú mọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Àṣà yìí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣàjèjì sí wa, nítorí pé àwọn ọba wa ní onílù àti arọ́kin ní ààfin. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé onílù ààfin jẹ ọba ní gbèsè oríkì, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọnà tí a gbà sí irú ilé tí a ń sọ yìí kò jẹ onílé ní gbèsè kankan ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

2. Ọ̀nà tí ó gbà dé Bayreuth

Ìlú Èkó ni a ti bí Akin Euba ní ọjọ́ 28, oṣù kẹrin, ọdún 1935. Bàbá rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kọ́ ọ ní píánò. Ó lọ sí CMS Grammar School ní Èkó, ó sì ré òkun lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Ọdún márùn-ún ni ó lò níbẹ̀, tí ó kọ́ píánò àti bí a ti ń dá orin sílẹ̀. Nígbà tí ó padà dé, ilé iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà ni ó ti ṣiṣẹ́, ó sì di olórí ẹ̀ka orin níbẹ̀.

Kì í ṣe òun nìkan ni ó rin irú ọ̀nà yìí. Fẹlá Ṣówándé ti ṣáájú, Ayọ̀ Bánkọ́lé sì jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí ọdún kan náà ni a bí àwọn méjèèjì. Gbogbo wọn ni orin ṣọ́ọ̀ṣì àti dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì kàn lọ́nà kan tàbí òmíràn. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ni ìṣòro tí ó kan àwa olùkọ́ Yorùbá ti kọ́kọ́ yọjú. Àwọn míṣọ́nárì túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìyìn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọn kò yí ohùn orin òyìnbó padà. Nípa bẹ́ẹ̀, ohùn orin a máa gòkè níbi tí ohùn èdè ti ń sọ̀ kalẹ̀, igbá a sì di ìgbà lẹ́nu ìjọ. T. K. E. Phillips, tí ó jẹ́ atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Èkó, jìjàkadì pẹ̀lú ọ̀ràn yìí nínú orin rẹ̀ àti nínú ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953. Ojútùú tirẹ̀ ni pé kí orin máa tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀.

Euba bá ọ̀ràn yìí nílẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ó gbà wọ inú rẹ̀. Ní 1959, ó ṣe ètò orin ìbílẹ̀ Yorùbá mẹ́fà fún ohùn ènìyàn àti píánò. Níbẹ̀, Yorùbá ni ó ni orin, píánò sì ń gbè é lẹ́sẹ̀. Ní 1963, ó kọ iṣẹ́ kan fún píánò àti ìlù Yorùbá, níbi tí ìlù àti píánò ti jókòó pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́. *Igi Nla So* ni wọ́n máa ń tẹ àkọlé iṣẹ́ náà nínú ìwé àwọn òyìnbó, láìsí àmì ohùn. Ẹni tí ó ń ka àkọlé yìí kò lè mọ̀ láti ojú ìwé bóyá igi náà so èso ni tàbí ó sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ kékeré ni èyí, ṣùgbọ́n ó fi hàn wá ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí iṣẹ́ Yorùbá bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ka àmì ohùn sí nǹkan kan.

Owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ Rockefeller Foundation ni ó gbé e dé Yunifásítì Kalifọ́níà ní Los Angeles, níbi tí ó ti gba oyè àkọ́kọ́ ní 1964 àti oyè kejì ní 1966. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ nípa orin àwọn ẹ̀yà gbogbo, ó sì bá J. H. Kwabena Nketia, ọ̀mọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gánà nì, pàdé. Abẹ́ Nketia yìí náà ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Gánà, Legon, ní 1974. Ìlù dùndún Yorùbá ni kókó iṣẹ́ oyè náà. Kí a fọkàn sí ọdún 1974 yìí, nítorí a óò tún padà bá a níwájú.

Láàárín àkókò yìí, ó ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́ àti ti olùwádìí, ní Yunifásítì Èkó ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Yunifásítì Ifẹ̀, kí ó tó tún padà sí Èkó, níbi tí ó ti jẹ́ olùdarí Centre for Cultural Studies. Kò sì jáwọ́ nínú dídá orin sílẹ̀. Ní 1967, ó kọ *Olurombi* fún ọ̀kẹ́sítírà. Kò sí olùkọ́ Yorùbá kan tí kò mọ ìtàn Olúrónbí àti ẹ̀jẹ́ tí ó jẹ́ fún Ìrókò. Ní 1970, ó ṣe *Chaka* ní Ifẹ̀, eré olórin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá láti inú ewì Léopold Sédar Senghor, tí ó sì kó ìlù dùndún, agogo àti fèrè oparun ilẹ̀ Gánà pọ̀ mọ́ ohun èlò orin òyìnbó. Ní 1972, iṣẹ́ rẹ̀ tí ó pè ní *Dirges* dé ìlú Munich ní àkókò ìdíje Òlíńpíìkì. Nítorí náà, ilẹ̀ Jámánì ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlá kí ó tó lọ máa gbé ibẹ̀.

3. Ilé tí ó gbà á

Bayreuth kì í ṣe ìlú ńlá, ṣùgbọ́n ìlú olókìkí ni láàárín àwọn olórin. Ibẹ̀ ni Richard Wagner kọ́ ilé eré ńlá kan sí, tí wọ́n ṣí ní 1876, kí wọ́n lè máa ṣe àwọn eré olórin tirẹ̀ níbẹ̀. Ibẹ̀ náà ni a sin ín sí. Ìlú yìí kan náà ni Yunifásítì Bayreuth, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975, ti sọ ẹ̀kọ́ nípa Áfíríkà di ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀. Ní 1981, wọ́n dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ilé tí yóò máa ṣe àfihàn iṣẹ́ ọnà òde òní láti Áfíríkà, tí yóò sì máa gba àwọn oníṣẹ́ ọnà lálejò.

Ulli Beier ni olùdarí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ wa ni ó mọ orúkọ náà. Ó dé Ìbàdàn ní 1950, ó sì wà lára àwọn tí ó dá Mbari Club sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1961. Ní 1962, Mbari Mbayo tẹ̀lé e ní Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti fi ojú eré Yorùbá hàn fún gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà, ó ṣiṣẹ́ ní Institute of African Studies ní Ifẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Orúkọ tí ó sì fún ilé tuntun ní Bayreuth, òwe Yorùbá ni: ìwà lẹwà. Àwọn Jámánì fi ọ̀rọ̀ tiwọn fún ilé kún un, ó di Iwalewa-Haus.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá sọ pé òyìnbó ni ó kọ́ ilé fún Euba, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Àwòṣe ilé náà ti wà ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Ifẹ̀ ní nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú. Ibẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i pé bí a bá kó ayàwòrán, onílù, akéwì àti òṣèré sí abẹ́ òrùlé kan, tí a fún wọn ní ohun èlò, tí a sì fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀, nǹkan tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀ yóò jáde. Irúgbìn ilẹ̀ wa ni wọ́n gbìn sí Bayreuth, owó ìjọba àti ti yunifásítì ibẹ̀ ni ó sì bomi rin ín.

Àkókò tí Euba lọ náà ṣe pàtàkì. Ọdún 1986 ni ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SAP. Iye náírà já wálẹ̀, ìwé àti ohun èlò láti òkè òkun wọ́n gógó, ọ̀pọ̀ olùkọ́ yunifásítì sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó ní àbájáde ìwádìí ọdún pípẹ́ lọ́wọ́, tí ó ń wá ẹni tí yóò tẹ ìwé olójú-ewé púpọ̀ tí ó kún fún àmì orin, kò ní ibi púpọ̀ láti yíjú sí nílé. Ipò méjì ni Bayreuth fún un lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbà á gẹ́gẹ́ bí olùwádìí, ó sì gbà á gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ ọnà inú ilé. Ìdàpọ̀ méjì yìí gan-an ni ó bá ìgbésí ayé rẹ̀ mu.

4. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà

A lè pín ohun tí Euba ṣe ní Bayreuth sí ọ̀nà mẹ́ta.

(a) Ìwé. Ní 1988, ìdìpọ̀ kìn-ín-ní àwọn àròkọ rẹ̀ lórí orin ní Áfíríkà jáde láti Iwalewa-Haus. Èkejì sì tẹ̀lé e ní 1989. Ní 1990 ni olórí iṣẹ́ náà wá jáde, *Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition*, nínú ọ̀wọ́ ìwé Bayreuth African Studies. Ẹ rántí ọdún 1974. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó wà láàárín iṣẹ́ oyè Legon àti ìwé Bayreuth. Nínú ìwé yìí, a rí ìlù náà fúnra rẹ̀, a rí àwọn tí ń lù ú, bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ibi tí wọ́n ti ń lù ú, àti ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ. A sì rí orin rẹ̀ tí a fi àmì orin kọ sílẹ̀ ní kíkún. Nínú àkọlé ìwé náà, àmì ohùn wà lórí ọ̀rọ̀ *dùndún*. Ẹ fi èyí wé *Igi Nla So* tí a mẹ́nu bà ṣáájú.

(b) Orin. Ní 1987, ọdún kejì rẹ̀ ní ilé náà, ó kọ *Wakar Duru*, orin mẹ́ta fún píánò. Ẹni tí ó bá gbọ́ Hausa yóò mọ *waka*, orin. *Dùùrù* sì ni àwa Yorùbá ń pe ohun èlò náà. Àkọlé kékeré tí ó fún un sọ pé ẹ̀kọ́ ni wọ́n jẹ́ nínú ọ̀nà títẹ píánò ní ti Áfíríkà. Èrò yìí ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti bí ọdún 1970. Ohun tí ó ń sọ ni pé píánò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ohun èlò òyìnbó, ní ìwà kan tí ó bá tiwa mu. Òòlù kékeré ni ó ń lu okùn inú rẹ̀, nítorí náà ó súnmọ́ ìlù àti agídìgbo ju bí ó ti súnmọ́ gòjé lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí túmọ̀ sí ní ìṣe. Nínú ẹgbẹ́ dùndún, ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, tí ó sì ń yí ọ̀rọ̀ padà bí ó ti wù ú. Àwọn yòókù, kẹríkẹrì, ìṣáájú, gángan, kànnàngó àti gúdúgúdú, ní ìlù tí kálukú wọn ń lù ní àlùtúnlù, tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì bí ìka ọwọ́ méjì tí a kì bọ ara wọn. Bí aṣẹ̀dá orin bá fẹ́ gbé ètò yìí sórí píánò, ọwọ́ kan lè di àlùtúnlù mú, kí ọwọ́ kejì máa rìn fàlàlà lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí píánò kò lè ṣe. Kò ní ọ̀sán tí a lè fún mọ́ra, kò lè fa ohùn láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè láìdáwọ́ dúró. Nítorí náà, Euba kò gbìyànjú láti sọ píánò di ìlù tí ń sọ̀rọ̀. Ètò ẹgbẹ́ ìlù ni ó gbé wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlù. Nínú àwọn iṣẹ́ kan, bí *Scenes from Traditional Life* (1970), ó lo ọ̀nà ìtò-ohùn òyìnbó ọ̀rúndún ogún tí kò fi ohùn kankan ṣe olórí, kí etí olùgbọ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ohùn orin ìyìn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó sì lọ tààrà sọ́dọ̀ ìlù. Ẹni tí ó bá ń retí orin dídùn tí a lè fi ẹnu kọ yóò sọ pé iṣẹ́ náà le. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n líle náà ní ìdí.

(d) Àkójọ. Iṣẹ́ kẹta kò ní ariwo, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ òun ni yóò pẹ́ jù. Euba kó iṣẹ́ àwọn aṣẹ̀dá orin ilẹ̀ Áfíríkà jọ sí Iwalewa-Haus, ó sì ṣe ìwé atọ́nà sí wọn, èyí tí ó jáde ní 1993 pẹ̀lú àkọlé *Modern African Music*. Ẹni tí ó bá ti wá ìwé àmì orin tí aṣẹ̀dá orin ilẹ̀ wa kọ yóò mọ iyì iṣẹ́ yìí. Púpọ̀ nínú wọn kì í tẹ ìwé. Inú àpótí ni wọ́n máa ń wà, ọwọ́ ikán tàbí ti àwọn ọmọ olóògbé ni wọ́n sì máa ń parí sí. Ní òpin àwọn ọdún 1980 kan náà, ó dá Centre for Intercultural Music Arts sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn tí ń ṣe orin láti inú àṣà ju ẹyọ kan lọ lè máa pàdé.

Kì í ṣe òun nìkan ni ọmọ Yorùbá tí ilé náà ràn lọ́wọ́. Múráínà Oyèlámì ará Ìràgbìjí, ayàwòrán àti onílù tí ó jáde láti inú ẹgbẹ́ Òṣogbo, ṣe ìwé ẹ̀kọ́ lórí dùndún àti lórí bàtá tí Iwalewa-Haus tẹ̀ jáde ní sáà yìí, pẹ̀lú àmì tuntun tí ó ṣe fún àwọn tí ń kọ́ ìlù. Bákan náà ni Joshua Uzoigwe, aṣẹ̀dá orin ọmọ Igbo, ṣe ìwé lórí ìgbésí ayé àti orin Euba fúnra rẹ̀, tí ó jáde ní Bayreuth ní 1992. Ọdún tí Euba kúrò ni ìwé náà jáde. Láti 1993 títí di 2011, ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n orin ní Yunifásítì Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Ní 1999, ìpàdé ńlá kan wáyé níbẹ̀ lórí ọ̀nà títẹ píánò ní ti Áfíríkà. Ó kú ní ọjọ́ 14, oṣù kẹrin, ọdún 2020.

5. Ohun tí ó kàn wá nínú iṣẹ́ yìí

Ó ṣeé ṣe kí olùkọ́ Yorùbá kan sọ pé, "Orin ni èyí, kí ni ó kàn wá?" Ìdáhùn wa ni pé ìlù dùndún ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ tí a ní nípa ohùn èdè wa, a kò sì lò ó tó.

Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí: *ilé, owó, ọwọ́, ọkọ́, igbá*. Ohùn àárín àti ohùn òkè ni gbogbo wọn ní. Lórí ìyáàlù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, nítorí ìlù kò ní fáwẹ̀lì tàbí kọ́ńsónáǹtì. Báwo wá ni olùgbọ́ ṣe ń mọ èyí tí onílù ń sọ? Nípa gbólóhùn gígùn tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni. Bí onílù bá lù ú pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ ní orúkọ, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ *ọkọ́* níbi tí *ilé* wà, nítorí pé òwe náà ti dáàbò bo ọ̀rọ̀ náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ ìlù fi kún fún òwe àti oríkì. Kì í ṣe ẹwà lásán ni wọ́n wà fún. Láìsí wọn, ìlù kì bá lè yé ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ tí ó bá ṣàlàyé èyí nínú kíláàsì ti fi ẹ̀kọ́ ohùn, ẹ̀kọ́ òwe àti ẹ̀kọ́ oríkì so pọ̀ ní ìdajì wákàtí.

Ohun kejì ni ti ohùn tí ń yọ́. Nínú *ọ̀rẹ́*, ohùn òkè tí ó tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ kì í fò gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, yíyọ́ ni ó ń yọ́ gòkè. Nínú *rárà*, yíyọ́ ni ó ń yọ́ wálẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa há èyí sórí fún ìdánwò láìgbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n bí onílù bá fún ọ̀sán ìyáàlù mọ́ra díẹ̀díẹ̀, tí ó sì tún dẹ̀ ẹ́, etí yóò gbọ́ yíyọ́ náà ketekete. Gúdúgúdú, tí kò ní ọ̀sán tí a lè fún bẹ́ẹ̀, kò lè ṣe é, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀.

Ohun kẹta kan àwa tí ń ṣe ìdánwò. Nketia ti kọ́ wa láti inú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìlù Akan pé ìlù ní ọ̀nà mẹ́ta tí ó ń gbà ṣiṣẹ́: ó lè sọ̀rọ̀, ó lè fi àmì ránṣẹ́, ó sì lè pe ijó. Bí a bá fi ojú yìí wo dùndún, a óò rí i pé ìbéèrè tí ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ ìlù márùn-ún kò tíì béèrè ohunkóhun nípa ìlù. Ìbéèrè tí ó dára ni èyí tí yóò ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ èwo nínú ẹgbẹ́ dùndún ni ó ń sọ̀rọ̀, ìdí tí òun fi lè sọ ọ́, àti ìdí tí àwọn yòókù kì í fi í ṣe é bẹ́ẹ̀.

6. Àríyànjiyàn

Àwọn kan ti tako irú iṣẹ́ yìí lọ́nà méjì. Àkọ́kọ́ ni pé orin bí ti Euba kì í ṣe orin Yorùbá, pé àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ ni ó wà fún. A gbà pé olùgbọ́ rẹ̀ kò pọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iye olùgbọ́ ṣe òṣùwọ̀n, a óò ju ọ̀pọ̀ ewì alohùn tí a ń kọ́ni nù, nítorí àwọn tí ń gbọ́ ìjálá lónìí kò pọ̀ mọ́. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni bóyá iṣẹ́ náà ní gbòǹgbò, a sì ti fi hàn pé inú ìlù dùndún ni gbòǹgbò rẹ̀ wà.

Èkejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n ní ìmọ̀ àwọn ọmọ Àyàn ni a kó lọ sí Jámánì, tí a sì kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, nínú ìwé tí onílù fúnra rẹ̀ kò lè rà, tí kò sì lè kà. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, kò sì yẹ kí a fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ohun tí a rí sọ sí i ni pé ìwé kò gba ìlù lọ́wọ́ onílù. Ọmọ Àyàn ṣì ń kọ́ ọmọ rẹ̀ nípa gbígbọ́ àti títẹ̀lé, bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ohun tí ìwé ṣe ni pé ó fi ìmọ̀ náà síbi tí ẹni tí a kò bí ní ilé Àyàn ti lè bọ̀wọ̀ fún un. Gbèsè ṣì wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n ọrùn wa ni gbèsè náà wà ju ọrùn Euba lọ. Ó ti ṣe ìwádìí, ó ti kọ ọ́. Ó kù sọ́wọ́ àwa tí èdè jẹ́ iṣẹ́ wa láti sọ ọ́ ní Yorùbá nínú ìwé kíláàsì, kí ọmọ onílù tí ó jókòó síwájú wa lè mọ̀ pé ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ọjà jẹ́ ẹ̀kọ́ tí a ń fún ní máàkì.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti wo ìtàn ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ẹsẹ̀ píánò bàbá rẹ̀ ní Èkó, tí ó kọ́ orin òyìnbó ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ó kọ́ ọ̀nà ìwádìí ní Los Angeles, tí ó fi dùndún gba oyè ní Legon, tí ó sì kó gbogbo rẹ̀ jọ ní ọdún mẹ́fà ní ilé kan tí ó ń jẹ́ orúkọ Yorùbá ní ìlú Wagner. Wagner kọ́ ilé fún iṣẹ́ ara rẹ̀. Àwọn tí ó dá Iwalewa-Haus sílẹ̀ kọ́ ilé fún iṣẹ́ ẹlòmíràn, irú ilé kejì yìí ni ó sì ṣe wá lóore.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ r'òde. Ìbàdàn àti Òṣogbo ni a ti kó àpẹẹrẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ lọ sí òde. Àwọn ẹ̀ka èdè Yorùbá ní yunifásítì àti ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni kò nílò ilé ńlá láti bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan, owó oṣù kan fún onílù kan tàbí aṣẹ̀dá orin kan fún ọdún kan, àti olùkọ́ kan tí yóò máa kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn pípé, ti tó. Bí a bá ṣe é, ìwé tí yóò tẹ̀lé ti 1990 lè jẹ́ èyí tí a kọ ní Yorùbá, tí a tẹ̀ nílé, tí onílù fúnra rẹ̀ sì lè ṣí wò kí ó sọ pé, "Ọ̀rọ̀ mi nìyí, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lù ú."